Ohun tí a lọ wò nínú igbó ẹ̀yìn odò

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn ọmọ ìlú tí kò ráàyè wá.

   

Wọ́n ní kí n wá jábọ̀ ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ṣe láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ti owó wà lọ́wọ́ akápò wa, òun ló máa kà á. Ti bọ́ọ̀lù, gbogbo yín lẹ ti gbọ́ pé wọ́n nà wá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún un sọ. Ìrìn kan ṣoṣo lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, àwa mẹ́tàlélógún wọ igbó ẹ̀yìn odò lọ ní agogo méje àárọ̀, a ò sì jáde títí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fi lù. A ò dẹ ọdẹ, a ò gé igi. A kàn lọ wò ó ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sórí WhatsApp, ẹnì kan fèsì pé, "Kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀, ṣé iwin ni?" Ẹlòmíì ní òun ti rí igbó rí láti ojú fèrèsé mọ́tò, pé ìyẹn ti tó òun. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìdí tá a fi lọ, kó má baà dà bíi pé òdòdó ni mo fi ń tan yín jẹ. Igbó tá a wọ̀ yẹn náà ni ọ̀rọ̀ karùn-ún lórí ètò ìpàdé òní. Oníṣòwò igi kan ti fi owó lọ̀ wá, ó fẹ́ gé igi ibẹ̀. Owó yẹn sì ni àwọn àgbà fẹ́ fi tún òrùlé gbọ̀ngàn ìlú ṣe. Èmi rò pé kò yẹ ká ta ohun tí a ò tíì wò.

Èèyàn méjì ló ṣíwájú wa. Ọ̀kan ni Bàbá Ọdẹ, tí gbogbo yín mọ̀. Èkejì ni Ìyá Olólú, tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eléwé lọ́jà alẹ́. Ọjọ́ orí Ìyá ti kọjá àádọ́rin, síbẹ̀ àwa ọ̀dọ́ la ń sọ pé kí wọ́n dúró dè wá. Bàbá ń wo òkè, Ìyá ń wo ilẹ̀, àwa tó wà láàárín sì ń wo fóònù. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ nìyẹn. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ojú wa là.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò jìnnà. Ní etí igbó, kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ igi ńlá, imí eṣú ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ wínníwínní tó dà bí òwú tí wọ́n rẹ sínú aró fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewé Akíntọ́lá. Mo mọ̀ pé Awólọ́wọ̀ làwọn kan ń pè é, mi ò sì fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé yìí. Èyí tó wù kẹ́ ẹ pè é, ewé tí gbogbo wa ń ra sójú ọgbẹ́ nígbà tí àdá bá bù wá lọ́wọ́ ni mò ń wí. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó dé, ó sì gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí igbó bá ti ṣí, tí oòrùn bá ti wọlé, ibẹ̀ ló ń lọ. Lábẹ́ igi ńlá, a ò rí ẹyọ kan.

Bàbá Ọdẹ na ọwọ́ sókè, ó ní ká wo òrúrù. Ẹ ẹ̀ lè ṣàì mọ òrúrù. Igi tó ń yọ òdòdó pupa bí iná, tí èèyàn á máa rí láti òkèèrè. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń ká ìrudi rẹ̀ tí kò tíì là, a ó fún un, omi inú rẹ̀ á sì ta sí ojú ẹlòmíì. Ohun tí n kò mọ̀ kí n tó wọ yunifásítì ni pé àwọn òyìnbó kó igi yìí láti Áfíríkà lọ gbìn káàkiri ayé nítorí ẹwà rẹ̀. Ní àwọn erékùṣù bíi Hawaii, ó ti di ìyọnu sí wọn lọ́rùn, ó ń gba igbó wọn. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ọgọ́rùn-ún ohun abẹ̀mí tó burú jù tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ láyé. Inú ìwé orúkọ kan náà ni ewé Akíntọ́lá wà! Wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ sí wa, a fi tiwa ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ò lè sọ pé a jẹ yín ní gbèsè.

Nígbà tá a wọ abẹ́ igi tán, ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́, ilẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi tìmùtìmù. Èmi ń wá òdòdó lókè. Ìyá Olólú fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ ilé ìwé, o fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa." Mo wolẹ̀. Ewé mọ́ínmọ́ín ló yí wa ká, àwọn ewé gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró lórí ọ̀pá tirẹ̀. Àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀pá ti jáde nínú ilẹ̀, òdòdó kan wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti àlùkò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ inú ewé yìí, mi ò rí òdòdó rẹ̀ rí. Mo bi àwa tó kù. Nínú àwa mẹ́tàlélógún, ẹnì kan péré ló ti rí i rí, ọmọ eléwé sì ni.

Èso rẹ̀ pupa, igun mẹ́ta ló ní, ilẹ̀ náà ló ń jókòó sí. Ẹ bá là á, ẹ ó rí kóró dúdú nínú rẹ̀, ohun kan tó ń yọ̀ bí omi ilá á sì bo kóró náà. Ohun tó ń yọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1855, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Daniell kọ̀wé nípa èso yìí, òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ewé náà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì: Thaumatococcus daniellii. Nígbà tó di 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Netherlands yọ èròjà tó ń dùn nínú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní thaumatin. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ṣúgà, adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ndọ̀n, ẹ wo ẹ̀yìn páálí ṣingọ́ọ̀mù tàbí ohun mímu tẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá rí E957 níbẹ̀, òun náà nìyẹn. Ohun tí Ìyá wa ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ láti lọ já ewé ni wọ́n ń dì sínú páálí fún yín.

Mo sọ èyí fún Ìyá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló wá ń gba owó rẹ̀?" Mi ò rí èsì fún wọn títí di òní.

Ó kù díẹ̀ kí n kọjá òdòdó kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ó ń gun igi kéékèèké létí odò, ṣónṣó ewé rẹ̀ ló fi ń di nǹkan mú bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá di ìka ìyá rẹ̀ mú. Òdòdó rẹ̀ yí sẹ́yìn, pupa lókè, yẹ́lò nísàlẹ̀, ẹ ó rò pé iná ni. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Gloriosa superba. Gbogbo wa la ń ya fọ́tò. Ọmọdébìnrin kan fẹ́ já a kó fi sí irun. Bàbá Ọdẹ pariwo mọ́ ọn, ohùn wọn sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi fò. Májèlé ni gbogbo ara rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ tó wú bí iṣu ló sì burú jù. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní colchicine ti pa èèyàn ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀, nítorí àwọn kan rò pé ọ̀dùnkún ni gbòǹgbò yẹn. Bẹ́ẹ̀, èròjà kan náà ni àwọn dókítà ń wọ̀n ní díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ní àrùn gout, ìyẹn ìrora oríkèé tó máa ń mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà òdòdó ní òkè òkun, wọ́n ń tà á níbẹ̀ nítorí ẹwà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ tàbí ajá sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí olú, nítorí òun ni mo ní lọ́kàn jù.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, òjò ńlá kan rọ̀ lóru, nígbà tílẹ̀ mọ́, olú ńláńlá ti yọ sórí koríko ẹ̀yìn ilé tí à ń gbé. Funfun, orí rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Èmi ọmọ ìlú yìí, tí wọ́n fi olú ọ̀gán tọ́ dàgbà, mo sọ fún ẹni tá a jọ ń gbé yàrá pé, "Ọlọ́run ti ṣe é!" Owó oúnjẹ ti tán lọ́wọ́ wa, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí ní ìparí oṣù. Mo fi ata àti epo sè é. Ó dùn. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bì. A bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú wa, ìgbẹ́ gbuuru dà á pọ̀, gbogbo ilé ṣókùnkùn lójú mi. Àwọn aládùúgbò ló gbé wa lọ síbi ìtọ́jú, wọ́n fa omi sí wa lára mọ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ olú mọ́ láyé rẹ̀, mi ò sì lè bá a wí. Nígbà tí mo pe màmá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ọ̀gán wà níbẹ̀?"

Kò sí ọ̀gán níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn nìkan ni ì bá gbà mí.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ wa kan ṣàlàyé olú tá a jẹ. Chlorophyllum molybdites ni wọ́n ń pè é. Orí koríko gbangba ló fẹ́ràn láti máa yọ, ó sì jọ olú tó ṣeé jẹ gan-an. Ohun tó máa fi í hàn ni pé ìyẹ̀fun tó fi ń bímọ láwọ̀ ewé. Ẹ lè wò ó fúnra yín: ẹ gé orí olú, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Láàárọ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀ á ti ya àwòrán sórí bébà náà. Ti olú ọ̀gán máa ń jẹ́ bí àwọ̀ ara tó pọ́n díẹ̀. Ti èyí tó fẹ́ pa mí yẹn jẹ́ àwọ̀ ewé tó ti ń gbẹ. Àmọ́ mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa fi bébà nìkan pinnu ohun tẹ́ ẹ máa jẹ o. Olú burúkú mìíràn wà tí ìyẹ̀fun tirẹ̀ funfun, tó sì léwu ju tèmi lọ fíìfíì.

Mo sọ ìtàn yìí fún Ìyá Olólú nígbà tá a jókòó jẹun lórí àpáta. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Olú tí mi ò bá mọ ilé tó ti jáde, kì í wọ ìkòkò mi." Wọ́n mú wa lọ síbi ọ̀gán kan tó ga ju Bàbá Ọdẹ lọ, wọ́n fi ọwọ́ tú ewé kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n fi han wá. Olú ọ̀gán mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì ti là, méjì ṣì dì bí ìkúùkù. Wọn ò fà á tu. Wọ́n fi igi ṣónṣó walẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Ìdí olú yẹn gùn, ó ń lọ sísàlẹ̀ bíi gbòǹgbò, ó ń tín-ín-rín lọ, ó ń lọ, títí ọwọ́ Ìyá fi wọlẹ̀ dé ìgúnpá. "Ilé ikán ló ti ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Èyí tí kò bá ní ìdí báyìí, má fọwọ́ kàn án."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ó wú mi lórí. Ohun tí Ìyá fi ọwọ́ wọn hàn wá náà ni mo kà ní kíláàsì. Ikán tó kọ́ ọ̀gán kò lè da igi gbígbẹ dáadáa nínú ikùn ara rẹ̀. Nítorí náà, ó ń ṣe oko. Ó ń kó ewé gbígbẹ àti igi wọlé, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ń fi kọ́ ohun kan bí afárá oyin sínú ilé, orí afárá yẹn sì ni olú ti ń hù bí òwú funfun. Olú á bá ikán sọ igi di oúnjẹ, ikán á jẹ nínú rẹ̀, ikán náà á máa ṣọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí ohun mìíràn hù níbẹ̀. Bí òjò bá wá rọ̀ dáadáa, olú á gba inú ilẹ̀ yọrí síta láti bímọ. Ìyẹn lèyí tí à ń ká. Àwọn olú ìdílé yìí, Termitomyces, kò sí nínú oko olú ní òkè òkun bí àwọn funfun kéékèèké tẹ́ ẹ máa ń rà nínú ike. Láìsí ikán, kò sí olú ọ̀gán. Ẹni tó bá wó ọ̀gán kó lè rí ilẹ̀ tẹ́jú, ọbẹ̀ ló wó. Ìbátan rẹ̀ kan wà ní Zambia tí orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Tiwa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa ló dùn. Olú ọ̀rán wẹ́wẹ́ náà, tó ń yọ lọ́pọ̀ yanturu bí ìgbà tí wọ́n da gúgúrú sílẹ̀, ìdílé kan náà ni.

Olú kì í sì í ṣe ewéko. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Kò ní àwọ̀ ewé tí ewéko fi ń gba agbára oòrùn, ohun tó fi kọ́ ara rẹ̀ sì bá ohun tó wà lára èèpo alákàn àti eṣú tan. Èyí tí à ń rí lókè jẹ́ èso lásán. Olú gan-an ni àwọn òwú tín-ín-rín tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú igi jíjẹrà. Bàbá Ọdẹ ṣí èèpo igi ńlá kan tó ti wó láti ọdún pípẹ́, a sì rí i: funfun, ó na ara rẹ̀ káàkiri bí àwòrán ọ̀nà ìlú ńlá. Lára igi kan ṣoṣo yẹn, mo ka oríṣi olú mọ́kànlá. Ọ̀kan le bí pátákó, ó jókòó bí àga. Ọ̀kan rọ̀, ó jọ etí èèyàn. Ọ̀kan kéré bí èékánná, ó funfun, ó pín wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Èyí tó kù, n kò ní tàn yín, mi ò tíì dá wọn mọ̀, fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ igi yẹn di ilẹ̀ padà. Láìsí wọn, òkú igi ì bá ti dí gbogbo igbó pa.

A rí ọ̀kan tó wọ aṣọ. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ó dúró ṣánṣán, aṣọ funfun kan tó dà bí léèsì sì ń já bọ́ láti ọrùn rẹ̀ dé ilẹ̀, bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Òórùn rẹ̀ ò ṣeé sún mọ́, eṣinṣin bò ó. Eṣinṣin yẹn ló ń bá a gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ káàkiri. Mo bi Bàbá Ọdẹ bóyá ó ní orúkọ. Wọ́n ní ó ní orúkọ, ó sì ní iṣẹ́ tí ọdẹ ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ò ní í sọ ọ́ níwájú obìnrin. Ìyá Olólú ní àwọn mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, a ò sì rí orúkọ náà gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 1975, Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Mycologia lórí olú àti àwa ọmọ Yorùbá. Ní 1977, ó tún kọ òmíràn lórí olú nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àti ìṣègùn wa. Àwọn àgbà ló bi léèrè. Ká ní kò bi wọ́n ni, ọ̀pọ̀ nínú orúkọ yẹn ì bá ti lọ. Nílùú tiwa ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Olólú dárúkọ olú mẹ́sàn-án ní ẹ̀ka èdè wa. Mo bi gbogbo àwa ọ̀dọ́ pé mélòó la mọ̀. Ẹni tó mọ̀ jù mọ méjì. Èmi tí mò ń kàwé lórí ewéko, mẹ́ta. Ìyá ò ní ẹni tó ń tẹ̀lé wọn lọ sígbó mọ́. Ọmọ wọn obìnrin wà ní Èkó, ó ń ta aṣọ. Bí orúkọ bá sì ti lọ, àyẹ̀wò tó gba èèyàn lọ́wọ́ májèlé á bá a lọ, nítorí nínú orúkọ ló ń gbé. Ẹ wò ó, "olú ọ̀gán" fúnra rẹ̀ ti sọ fún yín ibi tẹ́ ẹ ó ti rí i.

Nítorí àwọn ọmọ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú àwọn àyẹ̀wò irọ́ tó ń lọ kiri orí fóònù. Wọ́n ní bí ìgbín bá jẹ ẹ́, èèyàn lè jẹ ẹ́. Irọ́ ni, ikùn ìgbín yàtọ̀ sí tiyín. Wọ́n ní bí àlùbọ́sà tẹ́ ẹ fi sè é kò bá dúdú, kò sí májèlé níbẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n ní bó bá ti hó pẹ́, májèlé á jáde. Tèmi hó dáadáa o. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ olú tó sì ń bì, ẹ má fún un ní epo mu kẹ́ ẹ máa wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó kù nínú olú náà dání. Àwọn tó burú jù lára olú máa ń dákẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó mú èèyàn, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sì ń bà jẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ karùn-ún.

Ẹ̀yin àgbà, mi ò wá síbí láti sọ pé kí òrùlé gbọ̀ngàn máa jò. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò lé wa níbi ìkómọjáde, mo gbé àga sórí bí gbogbo yín. Mo mọ̀ pé owó tí ẹgbẹ́ ń dá kò tó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé igbó yẹn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Apá tó kọjú sí títì, igi gmelina àti tíìkì ni, èèyàn ló gbìn ín. A rìn nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì. Ó mọ́, ó wà ní ìlà-ìlà, ewé gbígbẹ tíìkì ló bo ilẹ̀. Olú díẹ̀ la rí, ewé mọ́ínmọ́ín ò sí, ọ̀gán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Apá ẹ̀yìn odò ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan wà. Oníṣòwò igi fẹ́ apá ẹ̀yìn odò nítorí igi ńlá ibẹ̀, ohun tó sì ń fẹ́ yé mi. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ka ọ̀dọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ ta igi tí a gbìn, kí wọ́n sì tún òmíràn gbìn rọ́pò rẹ̀, kí a fi apá ẹ̀yìn odò sílẹ̀. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ á dín kù. Èyí tó bá kù sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti pinnu láti fi iṣẹ́ ọwọ́ dí i: àwa la máa ru páànù, àwa la máa gun òkè pẹ̀lú káfíńtà, ẹ ò ní san owó lébìrà kankan fún wa. Orúkọ àwọn mọ́kàndínlógún tó fọwọ́ sí i wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Bí ẹ bá gé igi ńlá yẹn, oòrùn á wọlé. Bí oòrùn bá wọlé, ẹ ti mọ ẹni tó máa tẹ̀lé e wọlé. Ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ méjèèjì.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókèèrè, iṣẹ́ kan wà fún yín tí kò gba owó. Lọ́sẹ̀ yìí, bẹ́ ẹ bá pe màmá yín tàbí ìyá àgbà yín, ẹ bi wọ́n ní orúkọ olú tí wọ́n mọ̀, ibi tó ti ń yọ, oṣù tó ń yọ, bí wọ́n ṣe ń sè é, àti èyí tí wọn kì í jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohùn ara wọn sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí gbàgede ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹ má ṣe tún un kọ ní Yorùbá ìwé fún wa. Bí wọ́n bá ṣe pè é gan-an la fẹ́. A ti ní ohùn Ìyá Olólú, ìṣẹ́jú méjìlélógún, ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ èébú fún Bàbá Ọdẹ. A ò gé e kúrò.

Ìrìn kejì máa wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá, kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn ọjà la ti máa pàdé, agogo méje àárọ̀. Ẹ wọ bàtà òjò àti ṣòkòtò gígùn, ẹ mú omi àti oúnjẹ dání. Ẹ má mú àdá wá. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ wá, kí ọmọ náà ti tó ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin àgbà tó bá wù láti bá wa lọ, a ti bá àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé yín dé etí odò lọ́fẹ̀ẹ́.